Ọ́fíìsì iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n gbé mi sí níléeṣẹ́ omi: ṣé kí n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi kúrò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ civil engineering, iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ wa ni mo sì ti ń ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ tí iléèwé ń rán wa lọ ṣe) oṣù mẹ́fà. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń fọ omi mọ́ ni wọ́n máa gbé mi lọ, tàbí kí n máa tẹ̀lé àwọn tó ń ri páìpù. Ẹ̀ka tó ń bójú tó iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n gbé mi sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mò ń ṣe fọ́tókópì, mò ń to fáìlì, mo sì ń bá wọn jókòó nípàdé tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò yé mi. Àwọn ọkùnrin méjì tí a jọ wá láti iléèwé wà ní sáìtì. Ṣé kí n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi kúrò ni? Kí ni mo lè kọ́ níbẹ̀ tí màá fi lè dúró níwájú àwọn olùkọ́ mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Irú ẹ̀ka yẹn ni èmi náà ti ṣe IT, inú sì bí mi nígbà náà bó ṣe ń bí ọ yìí. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá ọ sọ: ohun tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú kòtò mu, ẹ̀ka tí o wà yẹn ló sì ń rí sí i. Fáìlì tó ń sú ọ yẹn, ìdajì iṣẹ́ náà ni. Ìdajì kejì wà nínú ẹrẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ lọ bá a níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí wọn kì í sábà ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́. Iléeṣẹ́ omi ní iṣẹ́ tí kì í tán. Wọ́n á fa omi láti odò, wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò, wọ́n á fi iyanrìn sẹ́ ẹ, wọ́n á fi kúlóríìnì sí i, wọ́n á tì í lọ sínú táńkì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe ní tiẹ̀ ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ tó yẹ kó parí, ó sì ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀: ká ri páìpù tuntun dé àdúgbò kan, ká kọ́ táńkì, ká pààrọ̀ pọ́ǹpù tó ti gbó. Ẹni tó ń bójú tó o kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò. Òun ló ń rí i pé owó, ọjọ́ àti iṣẹ́ ń rìn pọ̀, tí ọ̀kan bá sì fẹ́ fi èyí tó kù sílẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.

Omi ẹ̀rọ ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ omi Ìjú l'Ékòó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìsédò Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn sì ti wà láti ọdún 1942. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú páìpù tí àwọn baba wa bá nílẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ: páìpù tí ìwé rẹ̀ ṣì wà, a lè tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èyí tí ìwé rẹ̀ ti sọnù, dígà la fi ń wá a, láti iwájú ilé kan dé iwájú ilé kejì.

Ohun tó là mí lójú rèé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà IT mi, ọ̀gá mi fún mi ní ìwé àjákọ kan, ó ní kí n máa lọ sí títì kan tí wọ́n ti ń ri páìpù, kí n máa ka páìpù. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 6. Lójoojúmọ́ ni mò ń kọ déètì, ojú ọjọ́, iye òṣìṣẹ́, iye páìpù tó wọlẹ̀ kí wọ́n tó da ilẹ̀ bò ó, àti ibi tí a bá iṣẹ́ dé: “iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó ní ilẹ̀kùn búlúù.” Mo kà á sí iṣẹ́ ọmọdé.

Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kó ìwé owó rẹ̀ wá, páìpù 220 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn mítà 1,320. Tèmi jẹ́ 196, ìyẹn mítà 1,176. Mítà 144 ló yà wá sọ́tọ̀. Gbogbo ojú tó wà nípàdé yẹn yí sọ́dọ̀ mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí ìwé àjákọ. Ẹnì kan lára àwọn tó ń bójú tó owó ti ń sọ pé olè ni agbaṣẹ́ṣe náà.

Fọ́máànù agbaṣẹ́ṣe kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí tẹ̀ lé mi.” Ó mú mi wọ òpópónà kékeré kan tó yà kúrò lára títì tí mo ti ń kà, ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ níbi méjì, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbẹ́ ẹ. Kò tó wákàtí kan tí ẹ̀yìn páìpù fi yọ nínú ilẹ̀ pupa. A wọn òpópónà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: páìpù 24, pérépéré. Òṣìṣẹ́ àgbà kan níléeṣẹ́ wa ló ti sọ fún un lẹ́nu lásán pé kó ya omi sọ́dọ̀ àwọn aráàdúgbò tó ń bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Kò sí lẹ́tà. Kò sí lórí àwòrán. Agbaṣẹ́ṣe ò jalè, èmi náà ò purọ́, síbẹ̀ oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà síra wọn kó tó gba owó páìpù 24 yẹn.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Mo ti di òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní òpópónà kan náà, tó sọ iwájú ilé àwọn èèyàn di àbàtà. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn púlọ́ńbà fi wá fáàfù tí wọ́n máa tì kí omi lè dúró, wọn ò rí i. Kọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ti bò ó. Nínú fáìlì iṣẹ́ àtijọ́ ni a ti bá ìwé àjákọ mi, ọ̀gá mi ló fi í síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ni mo ti ya àwòrán òpópónà náà sí lọ́jọ́ tí a gbẹ́ ẹ, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé fáàfù wà ní mítà 4 sí igun ilé alájà kan. Wọ́n fọ́ kọnkéré, wọ́n bá a. Ẹni tó to fáìlì yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí màá fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o ka fáìlì iṣẹ́ kan ṣoṣo láti ẹ̀yìn dé iwájú. Yan èyí tó ń lọ lọ́wọ́, tí o lè wọkọ̀ lọ wò. Wá ìwé àdéhùn, àwòrán àti BEME, ìyẹn ìwé ìṣirò iṣẹ́ àti owó rẹ̀, jáde. BEME ni kí o jókòó tì jù lọ. Ohun gbogbo tó wà nínú iṣẹ́ náà ló tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ gbígbẹ́, iyanrìn tí páìpù máa sùn lé, páìpù fúnra rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ tí páìpù fi ń yà, fáàfù, títì tí wọ́n máa tún ṣe, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá kà á dáadáa, o lè fojú inú rí títì náà kí o tó débẹ̀. Ìgbà tí o bá wá débẹ̀, wo ohun tí kò bára mu. Ṣé BEME ní iyanrìn milimítà 150 lábẹ́ páìpù, tí páìpù wá ń sùn lórí òkúta? Òkúta yẹn ló máa fọ́ páìpù náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe ti gbowó lọ tipẹ́.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń dá apá kan owó agbaṣẹ́ṣe dúró. Ó sábà máa ń jẹ́ náírà 5 nínú náírà 100, ọwọ́ iléeṣẹ́ ló sì máa ń wà títí oṣù 6 tàbí 12 fi kọjá lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, kí ó lè padà wá tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Nínú ìpàdé tí o sọ pé kò yé ọ yẹn, bí o bá gbọ́ “retention,” ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Bí o bá gbọ́ “variation,” rántí páìpù 24 mi: iṣẹ́ tó yàtọ̀ sí ti inú àdéhùn ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láìsí ìwé.

Ọ̀rọ̀ owó tún ní apá kan tí ìran tìrẹ ò lè sá fún. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò. Nínú oṣù kẹfà, wọ́n jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí ìjọba ń ṣírò ní nǹkan bíi náírà 460 ti lé ní 1,500 nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi máa parí. Pọ́ǹpù, fáàfù ńlá àti páìpù onírin, òkè òkun ni a ti ń kó wọn wọlé. Páìpù oníke pàápàá ń tẹ̀ lé owó dọ́là. Wá ro iṣẹ́ tí wọ́n ti buwọ́ lù ní 2022 pẹ̀lú owó 2022. Àwọn àdéhùn kan ní ìlànà tí wọ́n fi ń ṣírò àfikún bí ọjà bá gbówó lórí, àwọn mìíràn ò ní. Bi ọ̀gá rẹ léèrè èwo ni tiyín, kí ó sì ṣí ojú ewé náà hàn ọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ omi tí o ń rí tó dúró sójú kan, tí koríko ti bo páìpù rẹ̀ lẹ́bàá títì, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí kí o tó bú ẹnikẹ́ni.

Ti ọjọ́ ńkọ́? Wọ́n á ti fi àtẹ iṣẹ́ kan hàn ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, tó ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ. Má ka ìlà rẹ̀ bí ẹni ń ka aago. Wá ẹ̀wọ̀n tó gùn jù nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí ọjọ́ kan bá ṣòfò lórí rẹ̀, ọjọ́ kan ni gbogbo iṣẹ́ máa fi pẹ́. Àwọn èèyàn máa ń rò pé kòtò gbígbẹ́ ni, torí òun lojú ń rí. Ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi máa ri páìpù, tí pọ́ǹpù tí wọ́n pa láṣẹ nílẹ̀ òkèèrè sì máa gba oṣù márùn-ún kó tó dé: pọ́ǹpù ni ẹ̀wọ̀n yẹn, àná ló sì yẹ kí wọ́n ti pa á láṣẹ. Lẹ́yìn náà ni òjò. Nílẹ̀ wa, kòtò tí wọ́n bá gbẹ́ lóṣù kẹfà á di odò lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ya lulẹ̀, wọ́n á tún un gbẹ́, BEME ò sì ní san owó ẹ̀ẹ̀mejì. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbà fún wa. Bí ìwé àṣẹ bá wá pẹ́ lórí tábìlì ẹnì kan títí dìgbà òjò, oṣù mélòó kan ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa rí i lójú títì. Mo mọ ibi tí páìpù ti wọlẹ̀ tán, tí táńkì dúró gbagidi, tí omi ò yọ, torí kò sẹ́ni tó béèrè fún iná mànàmáná lásìkò. Àwọn ìyá tó ń pọn omi kọjá lábẹ́ táńkì yẹn lójoojúmọ́ ṣì ń bọ̀ sí mi lọ́kàn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kí o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa dán páìpù wò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ dúró sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn. Ká ní táńkì tó máa fún àdúgbò lómi wà lórí òkè tó fi mítà 60 ga ju títì lọ. Omi tó dúró lóòró ní mítà 10 ń tẹ nǹkan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi báà 1 (báà ni a fi ń wọn agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan), nítorí náà báà 6 ni páìpù máa rù níbẹ̀ bí omi ò bá ṣàn. Àṣà iṣẹ́ ni pé kí a fi ìlọ́po kan ààbọ̀ dán an wò, ìyẹn báà 9. Wọ́n á dí ìpẹ̀kun méjèèjì, wọ́n á rọra bu omi kún un láti ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba òkè jáde, wọ́n á wá fi pọ́ǹpù ọwọ́ tì í dé 9. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹnu á dákẹ́. Ẹni tó ń pariwo láàárọ̀, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń ka báà ló ń wò báyìí. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró, ọwọ́ á bọ ọwọ́. Bó bá ń sọ̀ díẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù, ó lè jẹ́ rọ́bà oríkèé kan tó ká kò. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń fi oríkèé sílẹ̀ láìbò títí ìdánwò á fi parí, kí ojú lè rí ibi tí omi ti ń sun. Bí o bá débẹ̀ tí o rí i pé wọ́n ti da ilẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, béèrè ìdí, kí o sì kọ èsì wọn sílẹ̀.

Má sì dúró sí ìpẹ̀kun páìpù. Bí inú páìpù bá fẹ̀ ní milimítà 200, báà 9 yẹn ń fi agbára tó sún mọ́ ẹrù tọ́ọ̀nù 3 ti ìdérí rẹ̀ síta. Ìdí tí wọ́n fi ń da kọnkéré ti ìgbọ̀nwọ́ páìpù náà nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé kòtò jìn ju mítà kan lọ dáadáa, tí kò sí pákó tó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, má wọ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ì báà ní kí o wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 1, ó wúwo ju ọkọ̀ kékeré kan lọ. Kì í kìlọ̀ kó tó ya.

Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n á fi omi tó ní kúlóríìnì púpọ̀ kún inú páìpù, wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ di wákàtí 24, wọ́n á ṣàn án dànù, wọ́n á gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Ìgbà tí èsì bá dé ni a tó lè so ó mọ́ èyí tí àwọn èèyàn ń mu. Nígbà míì, wọ́n máa ń fò ó bí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ bá ti sún mọ́. Ẹ̀ka tìrẹ ló yẹ kó kọ̀.

Mo gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè rẹ náà: àwọn ọkùnrin wà ní sáìtì, ìwọ wà ní ọ́fíìsì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé torí o jẹ́ obìnrin ni. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é, wọ́n á ní àwọn ń kẹ́ ọmọ náà ni. Kò dára, ó sì dùn mí, torí àwọn obìnrin ló ń ru omi jù nínú ìlú tí a ń ri páìpù sí. Àmọ́ má lọ sọ pé o fẹ́ kúrò. Bá ọ̀gá rẹ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, kí o ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sí sáìtì lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí n máa wọn iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé ìwé owó rẹ̀ wá síbí.” Ó ṣòro fún ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ láti kọ ìyẹn, torí ó máa wúlò fún òun náà. Bó bá kọ̀, sọ fún olùkọ́ tó ń bọ̀ wá bẹ̀ ọ́ wò láti iléèwé. Ìdí tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, fi dá SIWES, ètò IT tí o wà nínú rẹ̀ yìí, sílẹ̀ lọ́dún 1973 ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó gboyè. Ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Ní ti logbook, ìwé tí o fi ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ sílẹ̀ fún iléèwé, má kọ “Lónìí, a ṣe ìpàdé.” Olùkọ́ ò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Kọ ọ́ báyìí: “Agbaṣẹ́ṣe béèrè owó mítà 300. Mo wọn mítà 282 tó ti wọlẹ̀, tí iyanrìn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mítà 18 tó kù ṣì wà lórí ilẹ̀. Ọ̀gá ní kí a san ti 282.” Ya àwòrán kòtò náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o kọ jíjìn àti fífẹ̀ rẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè níléèwé, ìwọ nìkan lo máa lè sọ iye tí mítà kan ná ìlú, ìdí tó fi ná an, àti ọjọ́ tí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn á ti rí páìpù púpọ̀, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá fi ìwé hàn wọ́n, wọn ò ní mọ̀ bóyá ibi tó yẹ kó wà ló wà. Bí ẹ bá jọ ń jẹun lọ́sàn-án, ẹ máa ṣe pàṣípààrọ̀: kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún ọ, kí o sọ ohun tí ìwé wí fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélógún ló kù fún ọ nínú mẹ́rìnlélógún. Lọ́jọ́ Ajé, béèrè fún BEME iṣẹ́ kan, téèpù mítà 50 àti ìwé àjákọ. Bàtà sáìtì, ra tìrẹ. Èyí tí wọ́n máa yá ọ níbẹ̀ á tóbi jù, ẹrẹ̀ á sì máa bọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ.